Ìṣẹ́jú-àáyá Méjìlá

Méjìlá ni iná yẹn ń fún wa tẹ́lẹ̀.
Mo máa ń kà á ní ìdájí, bí mo bá ń ti yàrá ìfọṣọ ọsibítù bọ̀,
tí ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún ọṣẹ:
ení, èjì, ẹ̀ta…
Òpópónà Rósà, àárín ìlú Brandon,
títì tó fẹ̀ bí odò tí kò ní atukọ̀,
mọ́tò méjì ń lọ, méjì ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ń wojú ẹnì kan.

Èmi tí ẹsẹ̀ mi pé, sísá ni mo ń sá a kọjá.
Ẹ wá wo Ìyá Hnatiuk,
ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ọ̀pá onítáyà níwájú rẹ̀,
àpò búrẹ́dì tó so mọ́ ọn ń mì dirodiro.
Àárín títì ni méjìlá máa ń pé mọ́ ọn lórí.
Awakọ̀ á fọn fèrè, yìnyín á máa bọ́,
ìyá á na ọwọ́ kan sókè
bí ẹni ń dá màlúù dúró.

Nílé wa, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé là ń kí pé ẹ kú ewu ọ̀nà.
Mi ò mọ̀ pé kíkí yẹn lè tọ́ sí ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélógún.

Káńsù pe ìpàdé sí ilé ìkàwé.
Wọ́n tẹ́ àwòrán sórí tábìlì gígùn:
títì kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti rù.
Ẹ̀gbẹ́ títì ló wá sanra,
kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún,
àga wà lábẹ́ àwọn igi tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbìn.
Ẹnjiníà wọn, Maëlle Desrosiers, ojú rẹ̀ kò ju ti ọmọ iléèwé lọ.
Ó ní, “Ẹ fi ìka lé ibi tó ń bà yín lẹ́rù jù.”
Ìka mi lọ tààrà.
Ìka mẹ́fà ti wà níbẹ̀ kí tèmi tó dé.

Lorne Prokop dìde.
Bàtà ni bàbá rẹ̀ tà, bàtà lòun náà ń tà.
“Ẹ gba ibi ìgbọ́kọ̀sí iwájú mi, ta ni yóò tún wọlé?
Oṣù márùn-ún ni yìnyín ń jókòó sílùú yìí!
Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀?”

Mo nawọ́.
Ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, mo ní,
táyà eléyín irin tí Rosalinda tà fún mi ní ogún dọ́là,
torí bọ́ọ̀sì kì í jí ní aago mẹ́rin,
torí mi ò tíì lówó mọ́tò.
Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.
Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi,
ó ní àtẹ́lẹ̀ bàtà yẹn mà ti jẹ tán.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in.
Ó dùn mí títí mo fi délé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fọ́ ọ̀dà títì.
Bíríkì pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti yó bí ọṣẹ ìlò ọjọ́ pípẹ́:
àwọn kan ti fẹsẹ̀ rìn níbí rí, kí àwa tó dé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o.
Katakata ń wọ́ yìnyín jọ sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́,
mo ti ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Igi méjì ti kú.
Oṣù Keje ni wọ́n kó Ìyá Hnatiuk lọ sílé àwọn arúgbó lẹ́bàá odò,
ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n tan iná tuntun.
Prokop gbé àga kan síta, kò sọ ìdí.
Mo ra bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dín kọ́bọ̀.

Ọgbọ̀n ni iná náà ń fún wa báyìí.
Lánàá mo ti kẹ̀kẹ́ mi, mo rìn, mi ò sáré,
mo dé òdìkejì ní ẹ̀tàlá.
Mo dúró.
Mẹ́tàdínlógún ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́,
mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.